Òdo Ni Kámẹ́rà Kà

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Hsin-ju ti fi ń bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń rí sí títì ìlú jà, inú ń bí i débi pé tíì oníwàrà tó rà láàárọ̀ tutù síwájú rẹ̀. Kámẹ́rà ti ka ọkọ̀ oríta ẹ̀bá ilé ìwòsàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èsì rẹ̀ rèé: alùpùpù tó yà sọ́wọ́ òsì, òdo.

Òdo kẹ̀! Ta ni kò mọ bí alùpùpù ṣe ń yà sọ́wọ́ òsì ní ìlú Tainan yìí? Á kọ́kọ́ lọ tààrà, á dúró sínú àpótí funfun tí wọ́n kùn sójú títì, á yí orí alùpùpù sọ́wọ́ òsì, tí iná ọ̀nà kejì bá sì fún un láyè, á tún lọ tààrà. Kámẹ́rà ò mọ ìyẹn. Ó ka ẹnì kan ṣoṣo ní ẹni méjì tó lọ tààrà, kò sì rí ẹnikẹ́ni tó yà.

Bí òdo yẹn bá wọnú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba, wọn ò ní fẹ àpótí náà sí i láéláé. Ó kéré jù, ìdí alùpùpù tó bá kẹ́yìn máa ń yọ síta fún tírélà. Ibẹ̀ ni tírélà ti fọ́ ẹsẹ̀ Yu-hsiang, àbúrò rẹ̀, lọ́dún tó kọjá.

Hsin-ju bá fojú ara rẹ̀ ka fídíò náà. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ló yà. Ó gbé e lọ fún Ọ̀gá Chuang.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kà á? Kí la wá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ fún? Kọ òdo, jàre."

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí fọ́jú!"

"Ìwọ nìkan lojú ẹ wá là? Aago mẹ́ta nìwé ń lọ o."

Orí Hsin-ju gbóná. Nǹkan kan wà tó ti rí nígbà tó ń kà, tó rò pé òun ò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ó dá fídíò padà sí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjìlá.

"Ẹ wò ó, sà. Ta nìyí?"

Akoto pupa, aṣọ òjò aláwọ̀ ewé. Ọ̀gá Chuang fúnra rẹ̀ ni, ọmọbìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Àyè ò sí nínú àpótí mọ́, ìjókòó ọmọ náà wà níta. Tírélà kan kọjá, díẹ̀ ló kù kó gbá báàgì ẹ̀yìn ọmọ náà.

"Ẹ̀rọ ní ẹ ò yà," Hsin-ju sọ.

Ọ̀gá Chuang ní kó dá a padà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó fagi lé òdo.

"Máa kà, kí n máa kọ," ó ní. "Ọmọ mi ni kó o fi bẹ̀rẹ̀."