Yunifásítì Tí Kì í Kọ Ẹnikẹ́ni

Agbẹ̀bí ni obìnrin náà, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń pàṣẹ kiri ilé ìwòsàn lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun. Kò sí iṣẹ́ tó kéré lójú rẹ̀. Ènìyàn ló máa ń kéré lójú rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sì kéré jù nínú gbogbo wọn.

Mo-Gbọ́ ni ẹbí ń pe ọkùnrin yìí, nítorí "mo gbọ́ pé" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbogbo. Nígbà tí èsì ìdánwò ọmọbìnrin agbẹ̀bí jáde, gbogbo rẹ̀ ló dára àyàfi kẹ́mísìrì, níbi tó ti fìdí rẹmi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Mo-Gbọ́ ti dé. Ó jókòó sórí àga tó rọ̀ jù ní pálọ̀, ó ní òun gbọ́ pé yunifásítì tuntun kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kì í fi kẹ́mísìrì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ní yunifásítì àtijọ́ tí agbẹ̀bí ń fẹ́ kí ọmọ náà lọ yẹn, ìgbéraga ni yóò pa wọ́n. Agbẹ̀bí wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin tó sá nílé ìwé lẹ́yìn ọdún kan, òun náà ló wá di atọ́nà. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ wà níjòókòó, kò sì ṣeé ṣe kó bú àbúrò ọkọ lójú ọkọ. Ó kàn ní kí àwọn lọ fojú rí méjèèjì.

Ẹnu ọ̀nà yunifásítì tuntun náà ń dán bí eyín wúrà lẹ́nu ẹni tí eyín yòókù ti kẹ̀. Ọkùnrin tó gbà wọ́n lálejò fún táì mọ́rùn bí ẹran tí wọ́n fẹ́ fà lọ sọ́jà. Kò wo èsì ìdánwò rárá. Ohun tó bèèrè ni irú yàrá tí ọmọ yóò fẹ́ máa sùn. Agbẹ̀bí bi í pé kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó gbà á wọlé.

"Èyí tó bá ti ní náà ti tó, Mà," ni ọkùnrin náà wí.

Ó bi í pé wọ́ọ̀dù wo ni àwọn ọmọ ti ń fọwọ́ kan aláìsàn. Ọkùnrin náà mú wọn lọ sí yàrá kan tí àwọn ọmọlangidi rọ́bà ti sùn lábẹ́ aṣọ funfun, tí ọ̀kan nínú wọn kò ní apá. Mo-Gbọ́ fọwọ́ kan iwájú orí ọmọlangidi náà, ó mi orí bíi dókítà. Agbẹ̀bí tún bèèrè bóyá àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. Ọkùnrin náà ní ó ti kù díẹ̀. Agbẹ̀bí fi imú rẹ́rìn-ín. "Ó ti kù díẹ̀" ni ọ̀lẹ nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún aboyún tí kò tíì yẹ̀ wò.

Wọ́n kọjá sí ti àtijọ́. Ọ̀dà ti ń ṣí lára ògiri, bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó lé sì ń mì. Obìnrin onígíláàsì kan ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ka èsì náà tán, ó tún un kà, ó dá a padà. Ó ní láìsí kẹ́mísìrì, wọn ò ní pe ọmọ náà wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pàápàá. Kó lọ tún un ṣe, kó padà wá. Mo-Gbọ́ bá sún mọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìn wà. Obìnrin náà wò ó bí eṣinṣin tó já sínú omi mímu.

Inú agbẹ̀bí dùn débi pé ó jáde bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Lójú ọ̀nà, ó ń sín ọkùnrin onítáì jẹ. Ó ní ilé tí kò nílẹ̀kùn, ewúrẹ́ náà ń wọ̀ ọ́. Ilé tí wọ́n bá ti lé ènìyàn padà ni onílé ń bẹ nínú rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Èmi ni wọ́n lé padà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu agbẹ̀bí. Láti àárọ̀ ló ti ń fi ilé ìwé kan wé èkejì, kò sì wo ojú ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Omi ti kún ojú ọmọ náà. Mo-Gbọ́ ló na áńkáṣíìfù sí i, láìsọ pé òun gbọ́ ohunkóhun. Ìyẹn dun agbẹ̀bí ju ọ̀rọ̀ ọmọ náà lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ṣí ìwé kẹ́mísìrì pé òun yóò kọ́ ọ fúnra òun. Ojú ìwé kejì ló há sí. Ọmọ náà rọra gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá tíṣà kan, Mo-Gbọ́ ló sì ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé ọmọ náà lọ gbé e bọ̀ ní gbogbo Sátidé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lójú ọ̀nà. Agbẹ̀bí ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń bu oúnjẹ rẹ̀ kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń fojú tín-ínrín wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Ọmọ náà yege, àwọn ti àtijọ́ sì gbà á. Nígbà tó kọ́kọ́ wálé fún ìsinmi, ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ní kò sí ẹnì kan nínú àwọn tí àwọn jọ wọlé tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, àti pé àwọn mìíràn nínú wọn, kí wọ́n má tiẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ ènìyàn rárá. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń yọ ṣùtì, bíi ti ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Agbẹ̀bí wò ó títí, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, bóyá kóun bá a wí ni, tàbí kóun bá a rẹ́rìn-ín.