Ẹni Kejì Nínú Bàálù

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Bí ìyá wa bá pa òwe yìí, gbogbo wa nínú ilé la mọ ẹni tó ń bá wí. Kì í ṣe àwa tí a jókòó ti abọ́. Kẹ́hìndé ni, ọmọ rẹ̀ tó lọ sọ́jà ní ọmọ ọdún méje tí kò sì padà wálé mọ́. A kì í sọ pé ìbejì kú. A ní ó lọ sọ́jà.

Èmi ni Ìdòwú, èmi ni mo dé lẹ́yìn wọn. N kò rántí ojú Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n mo rántí bàtà rẹ̀. Bí Màámi bá ra bàtà fún Táyé, méjì ló ń rà. Ṣòkòtò, méjì. Ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé, méjì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń ṣe fún ìbejì tí ọ̀kan bá ti lọ, kí èyí tó lọ má baà bínú, kó má baà wá pe ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn mìíràn a gbẹ́ ère. Màámi kò gbẹ́ ère. Bàtà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ló tò sábẹ́ ibùsùn, bí ẹsẹ̀ Táyé sì ṣe ń gùn ni bàtà abẹ́ ibùsùn náà ń gùn.

Nígbà tó yá, Màámi di àtúnbí. Pásítọ̀ ní kó fi àṣà náà sílẹ̀, pé òkú kì í wọ bàtà. Ó gbọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá Abúlé Adó, ó gbààwẹ̀ lé e, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà kò tún ki Táyé mọ́. Oríkì ìbejì kò ṣeé kì fún ẹnì kan. Bí o bá ti la ẹnu pe Ẹ̀jìrẹ́, ẹni méjì lo pè.

Bọ̀dá Táyé, tí àwọn ará ìta ń pè ní Enoch, di agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tí a fi máa wọ ọdún 2006, Bẹ́líjíọ̀mù ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ó sì ń wọ jẹ́sì orílẹ̀-èdè wa. Àkókò náà ni bàálù ń já lulẹ̀ ní Nàìjíríà, tí àwọn ará ilé ń kúnlẹ̀ gbàdúrà kí èèyàn wọn tó gbéra. Bàálù èrò kan tún wá fi Bọ̀dá Táyé sílẹ̀ sójú ọ̀nà, kò dé lásìkò, kóòṣì rẹ̀ sì fi í sórí bẹ́ǹṣì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbàgbé bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà ló ti ń háyà bàálù kékeré. Ó háyà wá, ó háyà lọ, nǹkan kan kò ṣe é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Gbádégẹṣin ló mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, òun náà sì ni aṣojú tó ń bá a dúnàádúrà. Ọjọ́ kejì ọdún Kérésì, ó jókòó sí pálọ̀ wa ní Festac, ó ń la ọwọ́ bí oníwàásù.

"Háyà kì í ṣe nǹkan," ó ní. "Takisí ni. Bó o bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíì á wọ̀ ọ́. Ìwọ tí gbogbo Festac mọ̀!"

"Kí Bọ̀dá mi kúkú dá ra bàálù tiwọn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìdòwú, ìwọ náà! Ẹṣin ni bàálù. Bó bá sáré, ó ń jẹ. Bó bá dúró, ó ń jẹ. Ẹnì kan kò lè dá a bọ́. Àwọn mẹ́ta ló máa jọ rà á, Enoch àti àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́."

Màámi kò gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ni ẹṣin, ta ni yóò gùn ún lọ́jọ́ ọdún?"

"Mọ́mì, kálukú ló ní ìpín tiẹ̀. Wọn ò ní jà."

"Lórí pápá tó wà lọ́nà Alákijà yẹn, òkúta làwọn ọmọ fi ń ṣe góòlù," ni mo wí. "Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì fún wọn ná, kẹ́ ẹ tó ra bàálù."

Bọ̀dá Táyé bú sẹ́rìn-ín. "Ìdòwú, Èṣù lẹ́yìn ìbejì! Mo máa ra nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi loko mi. Bí mi ò bá débi ìdíje lásìkò, kí ni mo fẹ́ fi rà á?"

"Má pe Èṣù nínú ilé mi," ni Màámi wí. Ó da ẹ̀wà tó ti ṣà sínú omi. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ohun tí a háyà kò ní pínpín. Ohun tí a bá fi ṣe tiwa ló ní ìpín. Táyé, wo ìpín tìrẹ dáadáa."

Kò sí ẹni tó bi í ní ìtumọ̀. Gbádégẹṣin ti ń ka iye ìjókòó tó wà nínú bàálù.

Bọ̀dá Táyé san apá kan lára owó ìpín rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàálù náà. Ìwé ìkẹyìn ló kù kó fọwọ́ sí. Bí ọjọ́ Ajé kan tí wọ́n dá nínú oṣù Kẹfà bá kọjá láìfọwọ́ sí i, ìpín náà di ti ẹlòmíì, kó padà sídìí háyà rẹ̀ nìyẹn.

Bàálù náà ló gbé e wá sí Èkó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà. Mo rí i pé ara rẹ̀ kò balẹ̀. Bó bá fẹ́ jókòó sí pálọ̀, á kọ́kọ́ wo àga tó kọjú sí tirẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ sí bákónì, mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?"

Ó fa ilẹ̀kùn pálọ̀ dé. "Ìdòwú, bí mo bá ń gun àkàbà bàálù yẹn, ó máa ń mì lábẹ́ mi. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọlé tán, tí mo ti jókòó, ó máa ń tún mì."

"Atẹ́gùn ni."

"Inú ilé tí wọ́n ń gbé bàálù sí ló ti ń mì. Atẹ́gùn wo?" Ó nu ojú. "Ìjókòó méjì ló kọjú síra. Ọ̀kan ni mo máa ń jókòó sí. Mo dá wà. Nígbà tí a balẹ̀, mo tú bẹ́líìtì mi, mo sì rí i pé bẹ́líìtì ti iwájú mi wà ní dídè. Dídè gírígírí, Ìdòwú, bí ìgbà tó di ikùn èèyàn mú. Mo gbọ́wọ́ lé ìjókòó náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Mo sún mọ́ ọn. "Èyí tí ẹ máa ń háyà ńkọ́?"

"Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sanwó ìpín ló bẹ̀rẹ̀." Ó di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún Màámi o. Èmi nìkan ló kù fún un nínú àwa méjèèjì. Bó bá gbọ́, kò ní sùn."

Mo ṣèlérí. Mo sì ń gbàdúrà lábẹ́nú, nítorí ohun tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló ń rán Táyé síwájú kó lọ tọ́ ayé wò, kí òun tó tẹ̀ lé e wọlé.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò ńlá ń rọ̀. Káptéènì Ògúnjìnmí, awakọ̀ bàálù tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbà síṣẹ́, wá láti Apple Junction pẹ̀lú agbòòrùn tó ti fọ́. Ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé dé. Màámi ní kò sẹ́ni tó ń dé ilé òun lọ́sàn-án tí kò ní jẹun. Ẹ̀wà ló sè. Ó bu ti àlejò, ó bu tèmi. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ méjì síwájú Bọ̀dá Táyé, ẹja kan nínú èyí, ẹja kan nínú tọ̀hún, epo kan náà, ìwọ̀n kan náà, ó sì padà sí kíṣìnì. Ó dá mi lójú pé kò mọ̀ pé òun ṣe é. Láti ọjọ́ tó ti kó bàtà wọ̀nyẹn jáde, kò ṣe é rí.

Bọ̀dá Táyé wo àwọn abọ́ náà, kò fọwọ́ kàn wọ́n.

"Háà, abọ́ méjì!" ni Káptéènì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Abájọ!"

"Abájọ kí ni?"

"Abájọ tẹ́ ẹ fi wúwo, ọ̀gá mi." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo tiẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́. Bí bàálù yẹn bá ń gbéra, ó máa ń wúwo mọ́ mi lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kí àwọn mẹkáníìkì gbé ìwọ̀n sábẹ́ táyà rẹ̀ n'Ìkẹjà. Bó ṣe ṣófo, ìwọ̀n pé. Mo wọ inú rẹ̀, ó pé. Ẹ rántí lọ́jọ́bọ̀ tí mo ní kí ẹ wá jókòó síbẹ̀ díẹ̀, tí ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín?"

"Mo rántí."

"Ẹ wọlé, ìwọ̀n gòkè, iye tí ẹ wúwo gẹ́lẹ́. Kò pẹ́, nígbà tẹ́ ẹ ti jókòó jẹ́ẹ́, ó tún gòkè. Iye kan náà. Àfi bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wọlé lẹ́ẹ̀kejì." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà. "Wọ́n ní ìwọ̀n bàjẹ́. Wọ́n gbé òmíràn wá, bákan náà ló ṣe. Àbí ìbejì ni yín ni?"

Òjò ń lu páànù. Ìgbà náà ni mo rí Màámi lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

"Ẹni kejì yẹn," ó ní. "Ṣé bí Táyé ṣe wúwo lòun náà ṣe wúwo?"

Káptéènì wò mí, ó wo Bọ̀dá Táyé. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Kò lé, kò dín."

Màámi wo abọ́ méjì tó wà lórí tábìlì, bí ẹni pé ẹlòmíì ló gbé wọn síbẹ̀. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

Káptéènì mọ̀ pé òun ti ta ẹsẹ̀ mọ́ nǹkan. Kò jẹun tán. Ó ní òun máa retí ìpè wọn, ó sì wọ inú òjò lọ. Ó ku àwa ará ilé. Bọ̀dá Táyé gbé fóònù, ó pe Gbádégẹṣin.

"Mi ò ṣe mọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n ta ìpín mi. Mo padà sídìí háyà."

Ohùn Gbádégẹṣin jáde nínú fóònù dé ọ̀dọ̀ mi. "Enoch! Ṣé orí ẹ pé ṣá? Bàálù tí wọ́n ń bá ẹ du! Ta ló ti bà ẹ́ lẹ́rù?"

"Màá pè ẹ́ padà," ni Bọ̀dá Táyé wí, ó sì pa á.

"Ẹ tà á, Bọ̀dá mi," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Mo ṣí Bíbélì sí Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún, mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn áńgẹ́lì ti ń fi ọwọ́ gbé èèyàn sókè, ahọ́n mi lọ́ra. Mo ń retí àmín Màámi, ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń ṣáájú àdúrà nílé wa. Kò ṣe àmín. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, n kò gbọ́ ọ láti ìgbà ọmọdé mi.

"Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn,
ọmọ ẹdun tí í fò lórí igi tí ewé kò mì,
ẹ fo ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba ojú ọ̀run,
ẹ̀yin tí ẹ jọ ní ìyá kan, ẹ jọ ní ọ̀nà kan."

Àga tó kọjú sí Bọ̀dá Táyé dún. Ó dún bí àga ṣe ń dún bí àgbàlagbà bá fi ara tì í.

Màámi kò wo ibòmíràn ju ibẹ̀ lọ, omi sì dúró lójú rẹ̀.

"Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó lọ," ó ní. "Ó ti di géńdé."

"Màámi, ẹ̀rù ń bà mí," ni Bọ̀dá Táyé wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọ kékeré. "Bó bá jẹ́ pé ó wá mú mi lọ ńkọ́?"

"Bó bá wá mú ọ lọ, kò ní de bẹ́líìtì."

Mo yíjú sí Bọ̀dá Táyé, òun náà yíjú sí mi. A kò sọ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì fún un.

Fóònù tún ń dún lórí tábìlì, Gbádégẹṣin ni. Màámi na ọwọ́, ó fi bo fóònù náà, ó sì wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Táyé, má tíì tà á. Mú mi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, kí n lè jókòó ti ẹnì kejì rẹ."