Ẹ̀rọ Tí Kò Gba Téèpù

Nígbà tí Ràbíátù wá sí ilé-iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ ní Àgídìngbì lẹ́ẹ̀kẹrin láti gba ohùn ìyá rẹ̀, Hàmdálàt ò rí irọ́ tí yóò tún pa fún un mọ́. Orin wákà mẹ́jọ ni ìyá Ràbíátù kọ níbẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Orin náà kò jáde sọ́jà títí obìnrin náà fi kú. Inú háàdì kan, irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Háàdì náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ ketekete, àmọ́ bí wọ́n bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á kàn máa ró kẹ́kẹ́kẹ́ bí aláǹgbá tó há sínú agolo ni.

"Àǹtí, ẹ má bínú," Hàmdálàt wí. "Háàdì yẹn ti kú."

Ràbíátù ò pariwo. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. "Nígbà tí mo ní kẹ́ ẹ dà á sórí fóònù mi lọ́jọ́sí, ẹ̀yin lẹ ní ọ̀dọ̀ yín ló ti máa pẹ́ jù."

Òótọ́ ni. Ẹnu Hàmdálàt gan-an ló ti gbọ́ ọ. Òun ni olùtọ́jú ohùn ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, háàdì mẹ́tàlélógójì ló sì wà níkàáwọ́ rẹ̀: wákà, wáàsí, àdúrà ìsìnkú, orin ìgbéyàwó àwọn tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. Láti ààwẹ̀ èṣí, mẹ́rin ti kú nínú wọn.

Lọ́jọ́ náà ló wọlé tọ Alàájì Làsísì, ọ̀gá wọn, tí bàbá wọn dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Alàájì gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí.

"Lọ wádìí ohun tó máa pẹ́," wọ́n ní. "Ohun tó o bá mú wá la máa rà."

Àṣìṣe Hàmdálàt ni pé ó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wádìí. Ó pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó pe ẹni tó ń tọ́jú àwòrán fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ka ìwé títí ojú fi ń ta á. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí: ohun tí èèyàn bá fẹ́ gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọgbọ̀n ọdún láìfi iná bọ́ ọ, téèpù ni kó kọ ọ́ sí. Kì í ṣe téèpù orin àtijọ́. Téèpù kọ̀ǹpútà ni, kékeré tó bá àtẹ́lẹwọ́ mu, tí ẹyọ kan lè gba ohun tó wà nínú háàdì mẹ́sàn-án. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ojú ewé méjì, ó sì kà á níwájú ìpàdé.

"Téèpù?" Alàájì wo ojú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀. "Hàmdálàt, ibẹ̀ yẹn la ti ń bọ̀ o. Bàbá mi fúnra wọn ló kó kásẹ́ẹ̀tì dànù. Ṣé a máa ra pẹ́ńsùlù tí a ó máa fi yí i ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Hàmdálàt náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, akọ̀wé owó ti bi í léèrè pẹ́ńsùlù, awakọ̀ ti bi í, ẹni tó ń ṣọ́ géètì gan-an ti bi í. Nígbà tó di ẹnì karùn-ún, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alàájì gbọ́ níta pé àwọn báńkì pàápàá ń lo téèpù, wọ́n sì mú Déolú wá. Ó ní ọ́fíìsì ní Opebi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò hunjọ rárá, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Sọ́fítíwíà ló ń tà, ètò orí kọ̀ǹpútà tí yóò máa kó ohùn sínú téèpù fúnra rẹ̀, tí yóò dì í, tí yóò tì í pa.

"Ọgbọ̀n ọdún, mà," Déolú ní. "Ẹ gbé e síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀."

"Tó bá wá pé ọgbọ̀n ọdún, kí la máa fi ṣí i?" Hàmdálàt béèrè.

"Sọ́fítíwíà wa náà ni, mà."

"Tí ilé-iṣẹ́ yín ò bá sí mọ́ ńkọ́?"

"Ilé-iṣẹ́ wa ò lọ síbì kankan, mà."

"Ọdún mélòó lẹ ti dá a sílẹ̀?"

Déolú fọwọ́ ra ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ó máa pé ọdún mẹ́rin ní oṣù kẹjọ."

Hàmdálàt yíjú sí Alàájì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àmọ́ Alàájì ń mi orí sí Déolú bí ẹni tó rí àna tó wù ú. Wọ́n ní ọmọ náà mọṣẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni Alàájì wọlé tẹ̀rín tẹ̀rín, awakọ̀ wọn gbé páálí méjì tẹ̀lé wọn. Wọ́n ní àwọn ti bá Hàmdálàt yanjú ẹ̀. Ẹ̀rọ téèpù tòkúnbọ̀ kan rèé láti ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, lọ́wọ́ Ishaq tó ti ń bá ilé-iṣẹ́ náà tún ẹ̀rọ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ogún téèpù rèé láti ṣọ́ọ̀bù mìíràn, tuntun nínú ọ̀rá.

Hàmdálàt yẹ ara ẹ̀rọ náà wò. Ó yẹ ara téèpù wò. Ó mí kanlẹ̀.

"Alàájì, ìran kẹfà ni ẹ̀rọ yìí, sà. Ìran kẹjọ ni téèpù."

"Kí ló kàn mí pẹ̀lú ìran? Tì í bọ̀ ọ́."

Ó tì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà fa téèpù mì, ó kùn díẹ̀, ó tanná pupa, ó sì tì í jáde padà. Alàájì ní kó yí i padà. Kò ṣeé yí padà. Wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mọ̀ pé kò ní ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ ó fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ tún tì í jáde. Wọ́n gbìyànjú téèpù mẹ́fà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí Alàájì tó jókòó.

Hàmdálàt pe Ishaq lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún wọn," Ishaq ní. "Mo ní ẹ̀rọ tó bá jẹ́ tuntun lè ka téèpù ìran tó ṣáájú ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ò lè ka ti tuntun. Wọ́n ní ìran ò sí nínú irin."

"O sì tà á fún wọn?"

"Alàájì ni, ẹ̀gbọ́n. Kí ni kí n ṣe?"

Hàmdálàt ò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí òun náà ń bi ara rẹ̀ láti oṣù méjì nìyẹn.

Ó lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó gbé orí lé ọwọ́. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù háàdì. Ó dìde, ó padà wọlé tọ Alàájì. Ó ní òun ò ní jiyàn mọ́. Kí wọ́n pe Déolú, kí wọ́n pe Ishaq, kí oníkálukú wá kọ ohùn kan náà sínú téèpù, kí wọ́n sì jọ wò ó bóyá yóò ṣí lórí kọ̀ǹpútà tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́.

"Ohùn ta ni?" Alàájì béèrè.

"Àdúrà tí Bàbá yín ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ yìí, sà."

Alàájì ní ó dáa.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pé jọ. Déolú gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, tó ń dán. Ó kọ àdúrà Bàbá sínú téèpù, ó tún pè é jáde lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ohùn náà sì dún geere.

"Ó parí nìyẹn," Alàájì ní. "Ẹ kọ ìwé àdéhùn ẹ̀."

"Kò tíì parí, sà."

Hàmdálàt yọ téèpù náà, ó fún Ishaq. Ishaq ti yá ẹ̀rọ ìran kẹjọ kan wá, ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì Hàmdálàt. Ẹ̀rọ gba téèpù náà. Àmọ́ kò sí àdúrà kankan lójú kọ̀ǹpútà, àfi ọ̀rọ̀ tó ń béèrè sọ́fítíwíà Déolú. Déolú ní kékeré nìyẹn, ó fi sọ́fítíwíà náà sí i. Ó wá ń béèrè láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Déolú pe ọ́fíìsì wọn ní Opebi. Ó bọ́ síta, ó wọlé, ó tún bọ́ síta. Nígbà tó dé, ó ní ẹni tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì wà nísinmi, ó di ọjọ́ Ajé.

Alàájì na ìka sí ẹ̀rọ náà. "Ṣé bàbá mi wà nínú ẹ̀ báyìí?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà," Déolú ní.

"Ohùn bàbá mi, nínú ilé bàbá mi, ó di ọjọ́ Ajé kí n tó gbọ́ ọ?"

Déolú tún gbé fóònù rẹ̀ sétí.

Ishaq kọ àdúrà kan náà sínú téèpù mìíràn, pẹ̀lú sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ní, tí kì í di nǹkan kan, tí kì í tì í. Ó yọ wáyà, ó so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ fáìlì yọ, kedere bí orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn. Hàmdálàt tẹ̀ ẹ́. Bàbá kọ́kọ́ wúkọ́, wọ́n ní bísímílàhì.

Alàájì ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e sórí eékún. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin.

Ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà. Hàmdálàt béèrè méjì. Ó ní bí ọ̀kan ṣoṣo bá bàjẹ́, téèpù a wà lọ́wọ́ àwọn, ojú àwọn á sì fọ́. Alàájì ní ẹ̀rọ tuntun kì í bàjẹ́. Hàmdálàt ní kí wọ́n fi téèpù ìfọ̀ kún un, èyí tó ń nu ojú ẹ̀rọ. Alàájì fi bírò pa á rẹ́: aṣọ wà nílé tí wọ́n lè fi nù ún. Hàmdálàt mú èyí tó rí gbà.

Oṣù méjì ló fi kọ ohùn inú àwọn háàdì sínú téèpù. Mẹ́tàdínlógójì ló ṣí nínú háàdì mẹ́tàlélógójì; méjì mìíràn ti kún mẹ́rin tó kú. Méjì méjì ló ń kọ wọ́n. Ó kó àdàkọ kejì sínú àpótí kan, ó gbé e lọ sílé Àǹtí Sìlífátù, àbúrò Alàájì, ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè, kí iná tàbí omi tó bá kan ibì kan má baà kan ìkejì. Lọ́jọ́ tó lọ wò ó, ó bá kẹ́túlù gbígbóná lórí àpótí náà. Ó gbé e kúrò, ó kí wọn, ó ra kọ́kọ́rọ́ fún àpótí náà lọ́jọ́ kejì.

Ishaq bá a mú háàdì Ràbíátù lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tú wọn palẹ̀. Orin kan àti ààbọ̀ ló jáde nínú mẹ́jọ. Ràbíátù wá gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n dà á sórí fóònù òun lójú òun níbẹ̀. Hàmdálàt dà á síbẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ẹ̀rọ náà tan iná ofeefee, kò sì gba téèpù mọ́. Ojú rẹ̀ dọ̀tí. Ó ń béèrè téèpù ìfọ̀.

Hàmdálàt tẹ ìwé ìbéèrè tuntun. Ó kọ téèpù ìfọ̀ síbẹ̀, ó kọ ẹ̀rọ kejì sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e wọlé.

"Òun náà tún nìyí?" Alàájì ní.

"Òun náà ni, sà."

"Mo máa wò ó tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Hàmdálàt fa àga kan, ó jókòó síwájú tábìlì wọn, ó ká ọwọ́ lé itan. Alàájì dáhùn fóònù méjì. Wọ́n ka ìwé ìròyìn. Wọ́n béèrè bóyá kò níṣẹ́ tó ń ṣe ni. Ó ní ó wà, sà, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tí òun máa fi ṣe é. Nígbà tí ládáànì kígbe ìrun ọ̀sán láti mọ́sálááṣí ẹ̀yìn ọgbà, Alàájì wo ìwé náà, wọ́n wo Hàmdálàt, wọ́n sì fa bírò yọ láti fọwọ́ sí i.