Bojú Wẹ̀yìn, Sìfáwù

Ọ̀sà tí Sìfáwù bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òórùn ọ̀dà ló ń rùn, omi rẹ̀ kò sì mì rárá. Oorun ló gbé e lọ níwájú àwòrán tó ń yà. Ẹ má bi mí bí àgbà obìnrin ṣe ń sùn sídìí iṣẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ bá sú ló mọ̀.

Ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀, Lámídì, fi máa ń kó awọ ẹran láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èkó ló ń yà. Ó ti ya awọ, ó ti ya omi. Ìdí ọkọ̀, níbi tí atukọ̀ ń dúró sí, nìkan ló ṣófo. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Sìfáwù nígbà tí bàbá kú, kò sì sí fọ́tò. Iwájú ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, èrò ọkọ̀ kì í sì í bojú wẹ̀yìn, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Ohùn líle tó ń bá a wí látẹ̀yìn nìkan ló kù lọ́kàn rẹ̀. Ó ti gbà pé bàbá kò fẹ́ràn òun. Bẹ́ẹ̀ ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìyá sì fẹ́ rí ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú náà tó fọ́.

Lójú àlá, Sìfáwù jókòó síwájú ọkọ̀. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń fi igbá gbọ́n omi lẹ́yìn rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ káàbọ̀."

"Jókòó dáadáa!" Ohùn náà le bíi tàtijọ́. Igbá dákẹ́. "Sìfáwù, bojú wẹ̀yìn."

"Ẹ̀yin lẹ ní n kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn."

"Ọkọ̀ mi ti gúnlẹ̀, ọmọ mi. Ọkọ̀ tó ti gúnlẹ̀ kì í dojú dé mọ́."

Ó yíjú. Ẹ wo bàbá tó ń jágbe mọ́ ọmọ! Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán. Ó kàn ń wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́n omi.

Nígbà tí Sìfáwù jí, kò tilẹ̀ nu ojú. Ó gbá búrọ́ọ̀ṣì mú.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsáárì, ìyá dé, ó gbé ojú sún mọ́ àwòrán títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà.

"Ta ló sọ fún ọ," ó ní, "pé ẹ̀rín ni bàbá rẹ máa ń rín bó bá ti ń bá ọ wí?"