Rírà Ni Mo Wí, Kì í Ṣe Ríra

"Ọkọ mi ti pa mí o!" Bí mo ṣe kígbe láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, tí gbogbo ará ilé fi yọjú lójú fèrèsé.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń wá ẹni tí yóò máa tún kẹ̀kẹ́ méjìlá tó fi ń gbé búrẹ́dì kiri ṣe. Àwa méjì la fẹ́ iṣẹ́ náà: èmi tí mo fi ojú ara mi kọ́ṣẹ́, àti Onífìlà-Pupa, ọ̀gá tó ń sọ kiri pé obìnrin ò mọ orí sípánà yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò fẹ́ ẹjọ́ wẹ́wẹ́. Ó ní ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà, kí kálukú gun kẹ̀kẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé búrẹ́dì. Òun yóò fi ìyẹ̀fun fa ìlà sísàlẹ̀. Táyà iwájú gbọ́dọ̀ kan ìyẹ̀fun. Tẹ̀yìn ò gbọdọ̀ kàn án. Ó parí.

Rọ́bà bíréèkì mi ti ń tán lọ. Kí n tó jáde lánàá, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọkọ mi, aránṣọ: "Bá mi ra rọ́bà bíréèkì."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ ò gbọ́. Rọ́bà ń dán yinrinyinrin.

"Kí lo ṣe sí kẹ̀kẹ́ mi?"

"Ohun tí o ní kí n ṣe ni. Mo fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ra rọ́bà, mo sì ra irin táyà mọ́ ọn. Ṣé o rí bó ṣe ń dán?"

"Baálé mi, rírà ni mo wí, kì í ṣe ríra! Kí o lọ rà á wá!"

"Ìwọ náà, o ò bá fàmì sí i."

"Àmì wo? Rọ́bà tí à ń rà, rọ́bà tí à ń ra, 'ra rọ́bà' ni méjèèjì! Ohùn kan náà ni!"

Aago méje ti kọjá, ẹni tó ń ta rọ́bà kò sì tíì ṣílẹ̀kùn. Mo ní, "Jókòó síbẹ̀. Ọwọ́ tó ra á ni yóò nù ún."

Ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ irin, ó fi àjákù aṣọ nù ún títí aṣọ ò fi dúdú mọ́. Èmi fi sáńpépà ha ojú rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi ṣe ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ha, yóò dín kù. Rọ́bà ti jìnnà sí irin. Ó di kí n fa wáyà bíréèkì.

"Fi ìka méjì fún un."

"Fún ta ni?"

"Fún rọ́bà mọ́ irin! Bí o bá tún bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, màá fi pílásì fa etí ẹ!"

Ó fún un pinpin. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo fi pílásì fa wáyà, mo dì í pa. Mo wò ó bóyá rọ́bà ń kan táyà: rárá, irin nìkan ni. Ọ̀tún òun òsì ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yí táyà, fìrìrì! Mo fún bíréèkì, gbà! Ó dúró. Ẹsẹ̀ èmi àti ọkọ mi ò kanlẹ̀ mọ́ títí a fi dé iwájú ilé búrẹ́dì.

Onífìlà-Pupa ló ṣáájú. Ó sáré, ó ṣe fáàrí, ó rọra fún bíréèkì bí ẹni ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ yọ̀ kọjá ìlà. Táyà méjèèjì funfun báláú.

"Afẹ́fẹ́ ló tì mí!"

"Afẹ́fẹ́ wo?" ni mo bi í. "Ewé ò mì!"

Ó kàn mí. Mo fò lé kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ ń sá lábẹ́ mi. Ìlà ku díẹ̀, mo fún bíréèkì méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ han goooro! Àwọn èèyàn dí etí. Táyà iwájú wọ ìyẹ̀fun, ó dúró gbagidi. Mo bojú wẹ̀yìn: táyà ẹ̀yìn dúdú bí ọjọ́ tí mo rà á.

"Ẹ gbọ́ ariwo!" Onífìlà-Pupa pariwo. "Bíréèkì tí kò rí òróró!"

"Ọ̀gá, ó rí i lánàá," mo ní. "A ti nù ún kúrò."

Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ìwọ lo niṣẹ́. Bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kọ́kọ́ bá mi ra rọ́bà bíréèkì fún kẹ̀kẹ́ méjèèjìlá."

Ọkọ mi fẹnu sí mi létí: "Ṣé kí n lọ gbé òróró?"

Mo fi kẹ̀kẹ́ lé e gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà dókè, n ò sì fún bíréèkì.