Igi Bodika Tó Lọ Gba Omi Mímọ́

Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ni ó máa ń sọ fún mi pé ìgbà òtútù ti ń palẹ̀ mọ́. Ọgbà mi ni. Nígbà tí yìnyín bá ṣì wà ní ẹsẹ̀ ògiri, àwọn òdòdó inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: àwọn funfun tí ó dorí kodò bí agogo kéékèèké, àwọn aláwọ̀ aró tí ó tò sí ìdí òkúta, àti teloh, tí òdòdó rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn igi ọ̀ṣọ́ mi á gba ìran náà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kì í dúró de ewé kí ó tó tanná. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á di àwọ̀ ìyeyè láti òkè dé ilẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìmọ̀ ewéko, síbẹ̀ n kò lè ṣàlàyé ohun tí ó máa ń ṣe mí bí mo bá fi aṣọ ilé jáde láàárọ̀, pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, tí mo sì rí i pé òdòdó tí kò sí níbẹ̀ lánàá ti wà níbẹ̀.

Láàárín gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí n kò fi wé òmíràn: bodika. Ewé rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa, ẹ̀gún yí etí rẹ̀ ká, èso pupa wẹẹrẹ sì máa ń wà lórí rẹ̀ títí di Àjíǹde. Bodika wà nínú igbó, òfin kò sì gbà pé kí ẹnikẹ́ni gé e níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe ti inú igbó. Etí ewé tirẹ̀ funfun báláú. Bàbá mi, Florijan, ni ó gé ẹ̀ka kan lára ìyá rẹ̀ níwájú ilé wa àtijọ́, tí ó sì lọ́ ọ sára kùkùté bodika lásán kan: ó fi ọ̀bẹ la èèpo kùkùté náà, ó ki ẹ̀ka náà bọ inú rẹ̀, ó sì fi okùn dì wọ́n pọ̀ títí àwọn méjèèjì fi di igi kan. Láti orúnkún mi sókè, igi bàbá mi ni. Láti orúnkún mi sísàlẹ̀, igi igbó ni. Ní ọdún kejì, odò Savinja kún, ó sì gbé ilé àtijọ́ náà lọ, àti ìyá igi náà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi tí mo mọ̀, àfi èyí tí ó wà nínú ọgbà mi.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, mo pinnu pé ohun tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kò yẹ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ lọ́ èkejì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan lórí tábìlì ilé ìdáná, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ó yẹ kí á ṣe ṣáájú Àjíǹde. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn, wọ́n pè mí láti ìlú Celje pé àbúrò mi, Marjeta, ṣubú, ó sì kán ní ìbàdí. Mo gbé báàgì mi, mo lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ni bọ́ọ̀sì gbé mi padà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ń dún. N kò yà sílé. Níwọ̀n bí ọ̀pẹ kò ti sí lọ́dọ̀ wa, ewé tútù oríṣi méje ni a máa ń dì mọ́ òpó gígùn kan, tí a ó gbé e lọ kí Fadá fi omi mímọ́ wọ́n ọn. Butara ni orúkọ rẹ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, bí ìsìn bá sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìgbéraga àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn tí butara wọn bá ga jù, tí ó sì dúró láìwólẹ̀ títí agogo ọ̀sán fi lù, ni yóò máa yan kiri títí ọdún á fi yípo. Ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn ará àdúgbò Podvrh ti ń borí wa. Lovrenc, ọkọ mi, ni olórí àwọn tí ń di tiwa. Kì í jẹ́ kí á dárúkọ Podvrh nídìí oúnjẹ.

Mo bá Àǹtí Roza, aládùúgbò wa, lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

“Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o! Marjeta ńkọ́?”

“Ó ti ń fi ọ̀pá rìn, Àǹtí Roza. Ó ti ń bú àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí náà mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá.”

“A dúpẹ́. Ẹ wá wo nǹkan tí ọkọ yín ṣe! Ẹnu àwọn ará Podvrh ti wọhò láti àárọ̀.”

Mo gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, bí mo ti máa ń wo igi, láti ìdí lọ sí orí. Mo rí ẹ̀ka igi etídò, mo rí ìtàkùn ara ògiri, mo rí rìbọ́n oríṣiríṣi àwọ̀ tí ń fẹ́ nínú atẹ́gùn. Nígbà náà ni ojú mi dé ṣóńṣó rẹ̀. Ewé dídán ni mo rí níbẹ̀, pẹ̀lú èso pupa, etí ewé kọ̀ọ̀kan sì funfun báláú.

 Mo di ògiri mú. Ó dà bí ẹni pé òkú ẹni tí mo mọ̀ ni mo ń wò, tí wọ́n gbé nàró, tí wọ́n wọ aṣọ ọdún sí lọ́rùn. Fadá Gašper na ìwọ́nmi rẹ̀ sókè. Omi mímọ́ náà tàn nínú oòrùn, ó sì bọ́ sórí òpó náà. Gbogbo ènìyàn dáhùn pé, “Àmín.” Èmi nìkan ni mo pariwo.

“Ta ni ó gé e?”

Gbogbo orí yí sí mi. Lovrenc ya àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Hedvika! O ti dé! Ṣé o rí i? Mítà mẹ́rìnlá!”

“Lovrenc, ta ni ó gé bodika mi?”

“Èmi ni. Ṣebí ìwọ lo ní kí n gé e.”

“Èmi?”

“Mo mọ̀ pé wàá jiyàn.” Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé pélébé mi yọ. “Ìwé rẹ rèé, ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́. Bodika: cepiti.”

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹni tí ń lọ́ igi ń lò àti ẹni tí ń fi àáké la igi ìdáná. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọkùnrin tí ó ní àáké mẹ́ta.

“Kí á lọ́ ọ ni mo kọ, Lovrenc! Kí á lọ́ ọ!”

“Kí n là á ni mo kà.” Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. “Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo ní, obìnrin tí kì í jẹ́ kí n fara kan igi yìí, òun ló wá ní kí n fi àáké là á? Mo rò pé àrùn ti wọ̀ ọ́. Mo wá ní, dípò tí màá fi sọ ọ́ sínú iná, ẹ jẹ́ kó kúkú lọ gba ìbùkún.”

“O ò sì lè pè mí?”

“Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àbúrò rẹ! Ṣé kí n wá máa pè ọ́ nítorí igi?”

Àǹtí Roza fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ dúpẹ́ pé kò gún un lábẹ́rẹ́ o, Tíṣà.” Ọ̀rọ̀ náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ń lò fún abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

“Ibo lo ti gé e?”

Lovrenc bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ojúgun ara rẹ̀. “Ibí. Mo gé e nílẹ̀ kó lè gùn dáadáa.”

Ojúgun, kì í ṣe orúnkún. Mo lóye rẹ̀ kí ó tó nàró. Ohun tí ó kù nílé yóò rúwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bodika igbó lásán ni yóò rú. Gbogbo ohun tí ó kù láyé lára igi bàbá mi wà lókè òpó náà, nínú oòrùn àti atẹ́gùn.

“Láti ìgbà wo?”

“Ọjọ́bọ̀.”

Ọjọ́ kẹrin rèé. Bí ẹ̀ka kan bá ṣì ní ẹ̀mí lára, bóyá wákàtí díẹ̀ ni ó kù fún un.

“Ẹ tẹ butara náà sílẹ̀,” ni mo sọ.

“Hedvika! Ó ku wákàtí kan kí agogo lù!”

“Mo mọ iye tó kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.”

“Tíṣà, ẹ ṣàánú wa,” ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó di okùn mú bẹ̀bẹ̀. “Ọdún mẹ́rin!”

“Ẹ jẹ́ kí Tíṣà sọ tẹnu wọn!” Blaž, olórí àwọn ará Podvrh, kígbe láti òdìkejì. “Bó bá wúwo, a ó bá yín gbé e!”

Fadá Gašper sún mọ́ mi. “Hedvika, ọmọ mi, ohun tí a bá ti bù kún, a kì í tú u títí di Àjíǹde.”

“Fadá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé kí ó lè gbẹ ni ẹ ṣe bù kún un, ẹ sọ fún mi, n ó máa lọ sílé.”

Ó wo ìwọ́nmi ọwọ́ rẹ̀ títí. “Títú ni mo ní a kì í tú u,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “N kò sọ pé a kì í tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.”

Lovrenc wo orí òpó náà, ó wò mí, ó tún wo òpó. “Ṣé bàbá rẹ kò lọ́ òmíràn fún ẹnikẹ́ni ni?”

“Kò sí òmíràn.”

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì tún un dé. “Ẹ di okùn mú. A fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.”

“Ṣé orí rẹ pé?” ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó di okùn mú bi í.

“Ẹ di okùn mú, mo ní!”

Àwọn ará Podvrh hó yèè nígbà tí òpó náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ilẹ̀, àwọn náà ti ṣí fìlà. Àwọn obìnrin ṣe àmì àgbélébùú. Kò sí ẹni tí ó ti rí irú rẹ̀ rí.

Mo kúnlẹ̀ sínú koríko, mo gba ọ̀bẹ Lovrenc, mo sì ń ha èèpo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wò. Èkíní ti gbẹ. Èkejì ti gbẹ. Kẹta, kẹrin, karùn-ún, igi gbígbẹ ni gbogbo wọn. Lábẹ́ ibi tí ìtàkùn ti ṣíji bo wọn ni mo ti rí mẹ́ta tí inú èèpo wọn ṣì tutù. Mo gé wọn. Omi kan ṣoṣo tí ó wà nítòsí ni èyí tí ó wà nínú garawa Fadá. Mo ki aṣọ ìnujú mi bọ̀ ọ́, mo sì fi wé àwọn ẹ̀ka náà. Mo gbọ́ bí Àǹtí Roza ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Fadá gbé ojú kúrò.

Inú ọgbà ni agogo ọ̀sán bá àwa méjèèjì. Lovrenc wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di kùkùté náà mú, èmi sì ń la èèpo rẹ̀. Ariwo ayọ̀ àwọn ará Podvrh dé etígbọ̀ọ́ wa láti ìsàlẹ̀.

“Ó di ọdún márùn-ún,” ni ó wí.

“Di okùn yẹn mú dáadáa.”

Ó dì í mú dáadáa.

Kí oṣù tó parí, méjì nínú àwọn ẹ̀ka náà ti dúdú. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ẹ̀ka kẹta rú ewé kan. Lovrenc ni ó kọ́kọ́ rí i, ó sì ń fò sókè láàárín ọgbà bí ẹni ogún ọdún: “Ó yè! Hedvika, ó yè!” Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Ewé náà funfun láti ìdí dé orí; kò ní àwọ̀ mìíràn rárá. Ewé tí ó bá rí bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ ara rẹ̀, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni ó máa ń ní. N kò sọ fún Lovrenc. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń bá a yọ̀ lórí ewé náà, tí mo ń lọ bomi rin ín, tí n kò sì lè jẹun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, ewé kejì ti là. Àárín rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, etí rẹ̀ sì funfun báláú. Igbe tí mo ké pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Lovrenc fi sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, igi gbọọrọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń wá ejò tí ó rò pé ó bù mí jẹ.