Wàrà Tó Kọ̀ Láti Kan

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Kimutai fi wà lókè òkun. Nígbà tó ní òun ń bọ̀, Taplelei ìyá rẹ̀ kéde fún gbogbo àdúgbò wọn ní Nairobi pé mursik, wàrà kíkan inú kèrègbè, lòun máa gbé pàdé ọmọ òun ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó fi èédú igi ra inú kèrègbè, ó da wàrà ṣọ́ọ̀bù sí i, ó dé e pa.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọ dé, ó ṣí i. Wàrà ò kan, ṣe ló ń rùn.

"Ọwọ́ mi ti darúgbó," ló ń sọ.

"Ọwọ́ yín kọ́, Mama," ni Chelimo ọmọ rẹ̀ obìnrin fèsì. "Wọ́n gún màlúù lábẹ́rẹ́ oògùn apakòkòrò, wọn ò dúró kó kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó ta wàrà. Oògùn yẹn ló pa ohun tó ń mú wàrà kan."

"Màlúù ló ń ṣàìsàn, èmi ni wọ́n ń fún lóògùn! Ojú ò tì wọ́n!"

Ó pe àbúrò rẹ̀ ní Kericho, ìyẹn fi wàrà màlúù ilé ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kan náà ni wàrà àti Kimutai wọlé. Taplelei fọ kèrègbè, ó da wàrà tuntun sí i.

Àràárọ̀ ni Kimutai ń gbóòórùn ẹnu kèrègbè. "Mama, kò tíì kan?"

"Ó kù díẹ̀, ọmọ mi."

Ìsinmi ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n fún un níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tó padà lọ, Taplelei ṣí kèrègbè. Wàrà ti kan dáadáa. Ó bu ife méjì, ó mu ọ̀kan, ó jókòó ti èkejì.